Ohun ìpamọ́ dátà tó tóbi kò lè yanjú chess fúnra rẹ̀

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó fẹ́ràn chess ló gbà gbọ́ pé bí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ bá ti lè ṣe ohun ìpamọ́ dátà tó tóbi tó, tablebase tó kárí gbogbo ọmọ ayò 32 yóò di ṣíṣe, kò sì ní sí àṣírí kankan mọ́ nínú ayò náà. Èrò náà kò tọ̀nà.

Tablebase ni àkójọ gbogbo ìtò tó lè wà lórí pátákó nígbà tí ọmọ ayò bá ṣẹ́ ku díẹ̀, pẹ̀lú èsì tó dájú fún ìtò kọ̀ọ̀kan, yálà jíjẹ, pípàdánù tàbí ọ̀mì. Láti òpin ni kọ̀ǹpútà ti ń kọ́ ọ: ó máa ń bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọba kò ti ní ọ̀nà àbáyọ mọ́, a sì máa padà sẹ́yìn ní ìsún kọ̀ọ̀kan títí tí gbogbo ìtò yóò fi ní èsì. Ọ̀nà yìí ló tú àṣírí ìtò kan tó ní ọmọ ayò 7 péré, síbẹ̀ tí ẹni tí yóò jẹ kò lè parí rẹ̀ kí ìsún 549 tó pé bí alátakò rẹ̀ kò bá ṣe àṣìṣe.

Nínú Syzygy, tablebase tí Ronald de Man ṣe, àkójọ ọmọ ayò 5 kò pé gígábáìtì 1. Ti 6 jẹ́ nǹkan bí gígábáìtì 150. Ti 7, tí wọ́n parí ní ọdún 2018, sì ju tẹ́rábáìtì 16 lọ. Ìtò tó wà nínú ti 7 yìí tó tírílíọ̀nù 424, nígbà tí John Tromp, onímọ̀ kọ̀ǹpútà, ṣírò gbogbo ìtò tó bófin chess mu sí nǹkan bí 4.8 × 10⁴⁴. Kí a tó lè ti ibi àkọ́kọ́ dé ibi kejì, àfi kí àyè ìpamọ́ di ìlọ́po méjì, kó tún di ìlọ́po méjì, ní nǹkan bí ìgbà 100.

Àwọn kan ń retí pé DNA, èròjà tó ń gbé àbùdá ohun alààyè, ni a óò fi máa pa dátà mọ́. Ní 2017, àwọn olùwádìí méjì, Yaniv Erlich àti Dina Zielinski, fi hàn pé gíráàmù DNA 1 lè gba pétábáìtì 215, iṣẹ́ ribiribi sì ni. Ṣùgbọ́n bí a bá tilẹ̀ fún dátà chess pọ̀ kó má gba àyè púpọ̀, bí Syzygy ṣe fún tirẹ̀ pọ̀, DNA tí yóò gba gbogbo ìtò chess yóò wúwo ju òṣùpá lọ. Yàtọ̀ sí èyí, kíkọ DNA àti kíkà á lọ́ra púpọ̀, bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń kọ́ tablebase kò lè ṣe kó má máa padà wo àìmọye èsì tó ti kọ sílẹ̀ tẹ́lẹ̀. Àti pé kò sí ohun ìpamọ́ tó ń bá ènìyàn ṣírò: èsì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ di mímọ̀ kí a tó ní ohun tí a fẹ́ pa mọ́.

Ayò checkers (draughts) ló fi èyí hàn jù lọ. Ní 2007, Jonathan Schaeffer àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Alberta, ní Kánádà, fi ẹ̀rí hàn pé bí ẹni méjèèjì bá ta á láìṣe àṣìṣe, ọ̀mì ni yóò já sí. Ìtò checkers jẹ́ nǹkan bí 5 × 10²⁰, ṣùgbọ́n wọn kò pa gbogbo rẹ̀ mọ́. Èsì àwọn ìtò tí ọmọ ayò wọn kò ju 10 lọ ni wọ́n tọ́jú, wọ́n wá ṣe ìwádìí láti ìbẹ̀rẹ̀ ayò wá pàdé rẹ̀, wọ́n sì fo gbogbo ìtò tí kò lè yí èsì padà. Bí a óò bá yanjú chess láéláé, irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ni mo gbà pé yóò mú un wá, kì í ṣe díìsìkì tó tóbi.