Àwọn nọ́ńbà àkọ́kọ́ tí a lè gé láti ọwọ́ ọ̀tún, àti ìdí tí iye wọn kò fi ju 83 lọ

Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà tó ju 1 lọ, tí kò sí ohun tó lè pín in láìṣẹ́kù àfi 1 àti òun fúnra rẹ̀. Nínú wọn ni 73939133 wà, ṣùgbọ́n àrà tó wà lára tirẹ̀ ni pé bí a bá ń gé díjíìtì ìparí rẹ̀ kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, tó di 7393913, 739391, 73939, 7393, 739, 73 àti 7, kò sí ìgbà kankan tí ohun tó ṣẹ́ kù kì í jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́. Irú rẹ̀ kò ju 83 lọ, òun ló sì tóbi jù nínú wọn. Ó yani lẹ́nu, nítorí ó ti lé ní 2,000 ọdún tí Euclid, onímọ̀ ìṣirò ilẹ̀ Gíríìsì àtijọ́, ti fi ẹ̀rí hàn pé nọ́ńbà àkọ́kọ́ kò lópin.

Láti mọ ohun tó dá wọn dúró, ó sàn kí a máa fi díjíìtì kún un dípò kí a máa gé e. Díjíìtì ìbẹ̀rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ 2, 3, 5 tàbí 7. Lẹ́yìn ìyẹn, 1, 3, 7 àti 9 nìkan ló ṣe é fi kún ọwọ́ ọ̀tún, torí pé 2 tàbí 5 yóò pín èyí tó bá parí sí òmíràn.

Òfin 3 ló wá le jù. Bí 3 bá pín àròpọ̀ àwọn díjíìtì nọ́ńbà kan, yóò pín nọ́ńbà náà pẹ̀lú. Fífi 3 tàbí 9 kún un kò yí ìṣẹ́kù tó wà nígbà tí a bá fi 3 pín in padà, ṣùgbọ́n 1 tàbí 7 ń fi 1 kún ìṣẹ́kù náà; bí ìṣẹ́kù náà bá sì di 3, 3 ti pín nọ́ńbà náà láìṣẹ́kù nìyẹn. Nítorí náà, èyí tó bá fi 2 tàbí 5 bẹ̀rẹ̀, tí ìṣẹ́kù rẹ̀ ti jẹ́ 2, kò lè gba 1 tàbí 7 láéláé. 3 àti 9 nìkan ló kù fún un, bí a ti rí i nínú 29399999. Èyí tó fi 7 bẹ̀rẹ̀ lè gba ọ̀kan nínú 1 àti 7 lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, èyí tó sì fi 3 bẹ̀rẹ̀, lẹ́ẹ̀mejì. Ìdí nìyí tí 1 kan péré fi wà nínú 73939133.

Bí àyè yìí ṣe ń há, bẹ́ẹ̀ ni nọ́ńbà àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀ ń ṣọ̀wọ́n: ó jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́rin láti 1 dé 100, ṣùgbọ́n ní agbègbè 73939133, nǹkan bí ọ̀kan nínú 18 ni. Láti orí oní-díjíìtì kan dé oní-díjíìtì mẹ́jọ, iye wọn ni 4, 9, 14, 16, 15, 12, 8 àti 5. Kò sí ọ̀kan nínú márùn-ún ìkẹyìn tó lè gba díjíìtì kẹsàn-án, bẹ́ẹ̀ èyí tó bá gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ kò lè wà láìjẹ́ pé oní-díjíìtì mẹ́sàn-án kan ti ṣáájú rẹ̀.

Gígé láti òsì kò há tó bẹ́ẹ̀, nítorí díjíìtì ìparí kì í yí padà, a sì lè dán gbogbo díjíìtì láti 1 dé 9 wò níwájú. Èyí mú kí wọ́n tó 4,260, èyí tó tóbi jù sì jẹ́ 357686312646216567629137, oní-díjíìtì 24. Àwọn tó fara da gígé láti ọ̀tún, tí wọ́n sì tún fara da ti òsì, jẹ́ 15 péré, 739397 ló sì kẹ́yìn wọn.