Kí ló dé tí òkun fi jẹ Bar Beach, tí yanrìn sì ń pọ̀ lódìkejì?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, Bar Beach ní Victoria Island, òkun fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ẹ́ tán, àmọ́ ní Lighthouse Beach tó wà lódìkejì ẹnu ọ̀sà, ńṣe ni yanrìn ń pọ̀ sí i. Ṣé òkun kan náà kọ́ ni?

Ìdáhùn: Òkun kan náà ni o, ẹnu ọ̀sà yẹn gan-an lọ̀rọ̀ wà. Apá gúúsù ìwọ̀ oòrùn ni ìgbì ti ń wá bá Èkó, ẹ̀gbẹ́ ló máa ń gbà lu etíkun, torí náà bó ṣe ń lù ú ló ń ti yanrìn lọ sápá ìlà oòrùn, tó fi jẹ́ pé èyí tó ń kọjá lọ́dún kan lè ju ìdajì mílíọ̀nù kúbíìkì mítà lọ. Láyé ijọ́un, yanrìn yìí máa ń di òkìtì lábẹ́ omi lẹ́nu ọ̀sà, ọkọ̀ ńlá ò lè wọlé. Ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ògiri òkúta wọnú òkun lọ́dún 1908, kí omi tó ń jáde lè lágbára débi táá fi máa gbá ojú ọ̀nà ẹ̀ mọ́. Ọkọ̀ wọlé lóòótọ́, àmọ́ yanrìn tó ń bọ̀ láti ìwọ̀ oòrùn, ara ògiri ló dúró sí, òun ló di Lighthouse Beach tó fẹ̀ yẹn. Ìgbì ò wá dẹwọ́ lára Bar Beach, ó ń kó tiẹ̀ lọ, kò sì sí òmíràn tó ń wá rọ́pò. Ilẹ̀ tó ti bá a lọ látìgbà yẹn ju kìlómítà kan lọ.

Ìbéèrè: Wọn ò wá nǹkan ṣe sí i ni?

Ìdáhùn: Wọ́n ṣe é. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n ti da yanrìn síbẹ̀ tí òkun tún kó o. Ògiri Eko Atlantic, ìlú tuntun tí wọ́n da yanrìn sókun láti fi kọ́, ló wà níbẹ̀ báyìí, kọnkéré ńláńlá onígun ni wọ́n tò síwájú ẹ̀, wọ́n há mọ́ra, ìgbì á wá fọ́ sáàárín wọn. Ó dáàbò bo Victoria Island. Àmọ́ àwọn ará Okun Alfa, níwájú lápá ìlà oòrùn, ń ké pé òkun ń jẹ ilé àwọn, èmi ò sì gbà pé ariwo lásán ni.

Ìbéèrè: Kí wá ni ẹnjiníà lè ṣe?

Ìdáhùn: Kó tètè ronú ọ̀nà tí yanrìn máa gbà kọjá, kó tó kọ́ ohunkóhun. Ní Gold Coast, ní Ọsirélíà, láti 1986 ni pọ́ńpù ti ń fa yanrìn lápá gúúsù ẹnu omi wọn, tí páìpù ń gbé e gba abẹ́ omi lọ sápá àríwá. Ní Èkó, yanrìn tí wọ́n bá gbẹ́ lójú ọ̀nà ọkọ̀, etíkun ìlà oòrùn ló yẹ kí wọ́n máa dà á sí.