Bí òfin àkọsílẹ̀ ṣe dé ìdí ẹ̀rọ tó ń ka sẹ́ẹ̀lì

Ẹ̀rọ tó ń ka sẹ́ẹ̀lì, tí wọ́n ń pè ní flow cytometer, ti wà kí òfin tó dé. Ní 1953 ni Wallace Coulter gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí ọgbọ́n tirẹ̀: iná mànàmáná ń gba ihò tín-ín-rín kọjá, sẹ́ẹ̀lì tó bá ń là á kọjá á sì dí i díẹ̀. Ní 1965, Mack Fulwyler ṣe èyí tó ń ṣa sẹ́ẹ̀lì ní Los Alamos, Amẹ́ríkà. Ní 1968, Wolfgang Göhde lo sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n pa láró tó ń tàn, ní Münster, Jámánì.

Ìdí eku ni òfin ti wá. Ní 1976, àjọ FDA ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, tú ìwé ilé àyẹ̀wò Industrial Bio-Test wò. Eku ìdánwò ti kú, ó ti jẹrà kọjá àyẹ̀wò, wọ́n sì ti fi òmíràn rọ́pò láìkọ ọ́ sílẹ̀. Ní oṣù Kejìlá 1978 ni òfin GLP (Good Laboratory Practice, ìlànà iṣẹ́ tó dára nílé àyẹ̀wò) jáde. Kò dárúkọ lésà, iná tó ń tàn sára sẹ́ẹ̀lì nínú ẹ̀rọ náà, rárá; ohun tó sọ ni pé kí ètò iṣẹ́ wà lákọsílẹ̀ ṣáájú, kí àtúnṣe má pa ti àkọ́kọ́ rẹ́, kí ẹni tó ṣe é fọwọ́ sí i, kó kọ ọjọ́ àti ìdí. Alájọ Ìjẹ̀bú-Òde kò ní jiyàn: káàdì tí wọ́n fi rọ́bà pa nǹkan rẹ́ lórí rẹ̀, ìjà ló máa dá sílẹ̀.

Nídìí ẹ̀rọ yìí, géètì ló ń dá wàhálà sílẹ̀ jù, ìyẹn ìlà tí òṣìṣẹ́ ń fà lórí kọ̀ǹpútà láti ya sẹ́ẹ̀lì tó fẹ́ kà sọ́tọ̀. Ajọ̀ gaàrí ni. Ìyá tó jọ ìlàjì àpò, tó wá mú ajọ̀ tí ojú rẹ̀ fẹ̀ jù jọ ìyókù, gaàrí méjì ló dì sínú àpò kan. Òṣìṣẹ́ tó sún géètì fún àwọn tó gba oògùn, tí kò sún un fún àwọn tí kò gbà, ohun kan náà ló ṣe. Nítorí náà, túùbù tí wọ́n yọ áńtíbọ́dì (èròjà aláwọ̀ tó ń lẹ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì kí ẹ̀rọ lè dá a mọ̀) àwọ̀ kan ṣoṣo kúrò nínú rẹ̀ ló ń fi ibi tí ìlà yẹ kó wà hàn. Kí wọ́n tó mọ ẹni tó gba kí ni, wọ́n á ti ti ìlà náà pa.

Ìwé tó jẹ́ ti ẹ̀rọ yìí gan-an, H62 ti CLSI, àjọ tó ń kọ ìlànà fún ilé àyẹ̀wò, 2021 ló jáde. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ orí ẹ̀jẹ̀ wà lára ohun tí ìdánwò tó ń fi hàn pé kíkà ẹ̀rọ náà ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé gbọ́dọ̀ yanjú. Ẹ̀jẹ̀ tó ti Ìjẹ̀bú-Igbó wá sí Ṣágámù nínú ọkọ̀ gbígbóná, sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ á ti máa kú, òkú sẹ́ẹ̀lì sì máa ń gba áńtíbọ́dì tí kì í ṣe tirẹ̀ mọ́ra. Ẹ tọ́jú ẹ̀jẹ̀ kan náà, kí ẹ kà á ní wákàtí 24, 48, 72, títí iye rẹ̀ á fi yẹ̀. Wákàtí tó ṣáájú ìyẹn ni ààlà.