Agony: Ìrora Tí Ìjà Wà Nínú Rẹ̀

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni mò ń ṣe, ó sì máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ tí ẹni tí orí kàn ń fọ́ díẹ̀ sọ pé òun wà nínú agony. Ọ̀rọ̀ yẹn wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ọ̀dọ̀ àwọn Gíríìkì ló ti ṣẹ̀ wá. Agon ni wọ́n ń pe ìdíje, irú èyí tó ń wáyé ní Olympia, tí àwọn géńdé ti ń sáré, tí wọ́n sì ń ja ìjàkadì. Agonia wá ni làálàá ẹni tó ń du ipò kìíní. Nígbà tó yá, wọ́n ń fi pe ìdààmú ọkàn pẹ̀lú, òun sì ni Lúùkù lò nínú orí 22, ẹsẹ 44, níbi tí Jésù ti ń gbàdúrà tí òógùn rẹ̀ ń kán bí ẹ̀jẹ̀. Àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí Yorùbá kò jẹ́ kí ìjà inú ọ̀rọ̀ náà sọ nù: ìwàyá-ìjà ni wọ́n kọ. Iṣẹ́ ọlọ́gbọ́n nìyẹn, mo sì ń kí wọn!

Èdè Látìn àti Faransé ló gbà dé inú Gẹ̀ẹ́sì ní apá ìparí àwọn ọdún 1300. Ti ọkàn ni wọ́n kọ́kọ́ ń lò ó fún, kó tó di ti ara.

Pain lè kéré, ó lè pọ̀: ẹ̀gún gún ọ lẹ́sẹ̀, pain ni. Suffering lè wà lára èèyàn fún ọ̀pọ̀ ọdún láìjẹ́ pé ó ké. Agony kì í kéré ní tirẹ̀. Ẹni tó mú ń jà raburabu ni. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń sọ pé èèyàn agonise lórí ìpinnu kan: ọkàn rẹ̀ ń bá ara rẹ̀ jà.

Èyí tó yẹ kí gbogbo ayé mọ̀ ni ti àwọn dókítà, agonal breathing. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ dédé dáwọ́ iṣẹ́ dúró lè máa mí gúlegúle lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí ẹni tó ń hanrun. Ẹ má pè é ní mímí. Ẹ pe àwọn onítọ̀jú pàjáwìrì, kí ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ àárín àyà rẹ̀ lójú ẹsẹ̀.