Mísáìlì tó já sẹ́bàá ọkọ̀ tó yìn ín: ìdáhùn sí ìbéèrè yín lórí HMS Vanguard

Ní oṣù kejì ọdún 2024, ìwé ìròyìn The Sun gbé e jáde pé ọkọ̀ abẹ́ omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan yin mísáìlì, mísáìlì náà sì já sómi nítòsí rẹ̀. Látìgbà náà ni ìbéèrè ò ti dáwọ́ dúró. Àwọn kan tiẹ̀ ti ń ra gààrí pamọ́ de ogun àgbáyé kẹta. Ẹ jẹ́ ká mú un níkọ̀ọ̀kan.

Kí ló ṣẹlẹ̀ gan-an?

Ọjọ́ 30 oṣù kìíní ni, lórí omi Florida ní Amẹ́ríkà. HMS Vanguard fẹ́ dán mísáìlì Trident kan wò, irú èyí tí wọ́n ṣe láti máa gbé àdó olóró núkílíà. Mísáìlì yìí kì í ṣáná nínú ọkọ̀ o. Gáàsì alágbára ló ń tì í jáde nínú ihò rẹ̀, tó fi la omi kọjá. Ìgbà tó bá yọ síta tán ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ tó máa gbiná. Lọ́jọ́ yẹn, ó yọ, iná kọ̀, ló bá já padà sómi. Mínísítà ètò ààbò ìgbà náà, Grant Shapps, wà nínú ọkọ̀ náà. Ẹni tó ta ọfà sókè, odó la ní kó yí borí; tiwọn, irin ni wọ́n yí borí.

Ṣé àdó olóró wà lórí rẹ̀?

Rárá. Ti ìdánwò kì í ní.

Irú ọkọ̀ wo ni?

Barrow-in-Furness ni wọ́n ti kàn án, 1993 ló sì wọṣẹ́. Òun ni ẹ̀gbọ́n ọkọ̀ mẹ́ta mìíràn tó jẹ́ irú rẹ̀: Victorious, Vigilant àti Vengeance. Ó gùn tó mítà 150, ó ní ihò mísáìlì 16, nǹkan bí 130 èèyàn ló sì ń gbé inú rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í gbọ́ ni "núkílíà". Méjì ló wà nínú ọkọ̀ yìí. Èkíní dà bí ààrò: ó ń se omi di oru, oru ń yí ẹ̀rọ, ọkọ̀ ń lọ. Èkejì ni ohun ìjà. Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ abẹ́ omi ló ní ààrò náà tí kò gbé àdó olóró kankan. Irú èyí tí Australia fẹ́ gbà lábẹ́ AUKUS, àdéhùn òun, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, nìyẹn. Ọkọ̀ tó ń lo dísẹ́ẹ̀lì ní láti máa yọjú gba atẹ́gùn. Ti núkílíà kò nílò rẹ̀. Inú omi òkun ló ti ń rí omi mímu àti atẹ́gùn tí wọ́n ń mí. Oúnjẹ tó bá tán ló ń lé e wálé.

Báwo ló ṣe ń rì, tó tún ń léfòó?

Táǹkì ni. Wọ́n gba omi òkun sínú rẹ̀, ọkọ̀ rì. Wọ́n fi atẹ́gùn ti omi jáde, ó léfòó.

Ṣé lóòótọ́ ló ti kọlu ọkọ̀ mìíràn rí?

Lóòótọ́ ni, èyí ló sì dùn mọ́ mi jù. Ní oṣù kejì ọdún 2009, Vanguard àti Le Triomphant, ọkọ̀ abẹ́ omi Faransé tó jẹ́ irú rẹ̀, fara gbúnra nínú òkun Àtìláńtíìkì. Gbogbo òkun yẹn! Ọ̀rẹ́ ni orílẹ̀-èdè méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń sọ fún ọ̀rẹ́ ibi tó fi irú ọkọ̀ yìí pamọ́ sí. Ọkọ̀ tó fara pamọ́ kì í pariwo wá ẹnikẹ́ni. Etí nìkan ló ń fi ṣọ́nà. Etí kò sì lè gbọ́ ohun tí kò dún. Faransé kọ́kọ́ ní nǹkan kan nínú omi ni àwọn gbá, bóyá kọ̀ǹténà. Nígbà tí àṣírí tú, mínísítà ètò ààbò wọn, Hervé Morin, ní ariwo àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí kò tó ti edé. Edé méjì pàdé lókùnkùn nìyẹn. Kò sẹ́ni tó fara pa, ọkọ̀ méjèèjì sì fúnra wọn rìn délé.

Ṣé ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí mísáìlì kọ̀?

Rárá o. Ti Vengeance ṣìnà ní 2016, ní Florida kan náà. Oṣù kìíní ọdún 2017 ni aráàlú gbọ́, lẹ́yìn tí ilé aṣòfin ti dìbò pé kí wọ́n kan ọkọ̀ tuntun. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n bi Theresa May, olóòtú ìjọba ìgbà náà, lórí tẹlifíṣọ̀n BBC bóyá ó mọ̀ kó tó di ìbò yẹn. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló yẹ ìbéèrè náà sílẹ̀.

Ṣé kò ti gbó jù?

Ó ti gbó. Ọdún 25 ni wọ́n fojú sí fún un. Àtúnṣe tó wọ̀ ní Plymouth ní 2015 gbà ju ọdún méje lọ. Láti 1969, ọ̀kan nínú irú ọkọ̀ yìí gbọ́dọ̀ wà lójú òkun nígbà gbogbo, nítorí náà àwọn yòókù ló ń jìyà rẹ̀: ìrìn àjò tó ń gba oṣù mẹ́ta tẹ́lẹ̀ ti ń kọjá márùn-ún. Àwọn ọkọ̀ Dreadnought tó máa rọ́pò wọn kò ní í wọṣẹ́ kó tó di ọdún 2030 sókè.

Glasgow ni mò ń gbé, Faslane tó jẹ́ ibùdó àwọn ọkọ̀ yìí kò jìnnà sí wa. Ṣé kí n kó lọ?

Nítorí ìròyìn yìí, rárá. Láti 1994 ni wọn kò ti kọjú mísáìlì wọn sí orílẹ̀-èdè kankan, wọ́n sì ní ó máa gba ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó lè yìn ín.

Bí London bá pa rẹ́, ta ló máa pàṣẹ?

Lẹ́tà. Olóòtú ìjọba tuntun máa ń fọwọ́ ara rẹ̀ kọ mẹ́rin, ọ̀kan fún ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á tì í sínú séèfù. Tó bá kúrò lórí oyè, wọ́n á run ún láìtú u.

Ọmọbìnrin mi fẹ́ wọ iṣẹ́ náà. Kí n jẹ́ kó lọ?

Láti 2014 ni obìnrin ti ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ọkọ̀ tó ń fara pamọ́ kì í fèsì. Ẹ̀yin lè fi ọ̀rọ̀ kúkurú ránṣẹ́ sí i. Òun kò ní lè dá yín lóhùn títí wọ́n á fi dé.