Ẹ̀wọ̀n rẹ̀ pé, wọn ò jẹ́ kó lọ

Bí adájọ́ bá ní kí wọ́n gbé ẹnì kan lọ sílé ìwòsàn ọpọlọ dípò ọgbà ẹ̀wọ̀n, ọ̀pọ̀ a máa sọ pé onítọ̀hún ti rí ọ̀nà àbáyọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀wọ̀n ní ọjọ́ tó máa pé. Ìtìmọ́lé nílé ìwòsàn lè máà ní.

Ìtàn Ìpínlẹ̀ New York ni mo máa ń fi ṣàlàyé rẹ̀. Ní 1859, wọ́n ṣí ilé ìtọ́jú kan sí Auburn fún àwọn ẹlẹ́wọ̀n tí orí wọn dàrú. Ní 1892, Matteawan gba iṣẹ́ yẹn, nílùú tí à ń pè ní Beacon lónìí. Dannemora tẹ̀lé e ní 1900. Ilé ìwòsàn ni wọ́n pe méjèèjì, àmọ́ ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó ọgbà ẹ̀wọ̀n ló ń ṣàkóso wọn. Lójú tèmi, ibẹ̀ gan-an ni nǹkan ti wọ́.

Ẹ wo ọ̀rọ̀ Johnnie Baxstrom. Ní oṣù Kẹrin 1959, wọ́n dá a lẹ́bi pé ó ṣe èèyàn léṣe, ẹ̀wọ̀n ọdún méjì àbọ̀ sí mẹ́ta. Ní oṣù Kẹfà 1961, dókítà ọgbà ẹ̀wọ̀n kọ̀wé pé orí rẹ̀ ò pé mọ́, ló bá di Dannemora. Ọjọ́ 18 oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni ẹ̀wọ̀n rẹ̀ pé. Wọn ò tú u sílẹ̀. Ó bẹ̀bẹ̀ kí wọ́n gbé òun lọ sílé ìwòsàn tí àwọn aláìsàn yòókù wà, wọn ò gbà.

Ní 1966, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní Amẹ́ríkà dá a láre. Ará New York mìíràn tí wọ́n bá fẹ́ tì mọ́ ilé ìwòsàn lẹ́tọ̀ọ́ pé kí àwọn ará ìlú jókòó gbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Kí ló dé tí wọ́n fi í du ẹni tó ti parí ẹ̀wọ̀n tirẹ̀?

Àwọn aláìsàn 967 ni wọ́n kó kúrò ní Matteawan àti Dannemora nítorí ìdájọ́ yìí. Jìnnìjìnnì bo àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn tó fẹ́ gbà wọ́n, torí pé àwọn dókítà ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé eléwu ni wọ́n. Nígbà tí àwọn olùṣèwádìí méjì, Steadman àti Cocozza, tọpinpin ọ̀rọ̀ wọn fún ọdún mẹ́rin, ìwọ̀nba kéréje ni wọ́n rí i pé ó tún padà sí irú ibi tí wọ́n ti kó wọn wá. Iṣẹ́ wa ni mo fi ń sọ ọ́: àwa dókítà kì í mọ ẹni tó máa ṣèèyàn léṣe lọ́la tó bá a ṣe ń rò.

Matteawan kógbá sílé ní 1977. Ọgbà ẹ̀wọ̀n Fishkill ló wà níbẹ̀ báyìí.

Nítorí náà, bí wọ́n bá tì ẹni yín mọ́ irú ilé ìwòsàn bẹ́ẹ̀, ẹ béèrè ọjọ́ tí wọ́n máa tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ yẹ̀ wò, àti ẹni tí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tó máa wà níjòókòó. Kí agbẹjọ́rò bá yín gba ìdáhùn náà lákọsílẹ̀.