Okùn tẹ́ ẹ fà le ní Ìdànrè lè ti dẹ̀ kẹ́ ẹ tó wọ Àkúrẹ́

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra kòkó lábúlé, àti ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàn fẹ́ bá bàbá yín kó tiwọn wá sí Àkúrẹ́ nínú píkọ́ọ̀pù tẹ́ ẹ yá, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Iṣẹ́ mi ni kíkó ẹrù sọ́kọ̀ àti síso ó mọ́lẹ̀, èmi ni mo máa ń wà lókè táwọn ọmọ bá ń gbé àpò bọ̀. Ohun tó ń da ẹrù nù jù lójú ọ̀nà wa níbí kì í ṣe pé okùn já. Okùn kì í sábà já, ńṣe ló máa ń dẹ̀.

Ìdí ni pé àpò kòkó tẹ́ ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ tò, àlàfo ṣì pọ̀ láàárín hóró inú ẹ̀, tí ọkọ̀ bá wá ń bọ́ sí gálọ́ọ̀pù, hóró á máa rọra wọnú ara wọn, gbogbo ẹrù á rẹlẹ̀ díẹ̀, okùn ò sì lè rẹlẹ̀ tẹ̀lé e, ibi tó gùn dé náà ló ṣì wà. Bí okùn tó le koko lábúlé ṣe ń di okùn tó kàn sùn lórí ẹrù nìyẹn. Torí ẹ̀, tẹ́ ẹ bá ti rìn bíi kìlómítà márùn-ún sí mẹ́wàá, ẹ páàkì síbi tó dáa, ẹ sọ̀kalẹ̀, ẹ fọwọ́ gbá okùn kọ̀ọ̀kan, èyí tó bá mì jọ̀lọ̀ ẹ tún un fà. Tẹ́ ẹ bá kọjá ibi tí ọ̀nà ti bàjẹ́ gan-an, ẹ tún wò ó. Dírẹ́bà á ní òun ń kánjú, ẹ má dá a lóhùn.

Ẹ wo bí ẹrù yìí ṣe wúwo tó. Àpò kòkó tó kún dáadáa ń lọ sí nǹkan bíi kílò 64, àpò 50 nínú Canter, ọkọ̀ akẹ́rù tó ju píkọ́ọ̀pù lọ, ti lé ní tọ́ọ̀nù mẹ́ta. Àwọn tó ń ṣòfin ẹrù ọkọ̀ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà máa ń ṣírò ẹ̀ pé tí dírẹ́bà bá tẹ búréèkì lójijì, ohun tó so ẹrù gbọ́dọ̀ lè dá ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ẹrù dúró kó má wá síwájú, ti ẹ̀gbẹ́ àti ti ẹ̀yìn jẹ́ ìdajì. Ìyẹn ni pé nínú àpò 50, ìwọ̀n àpò 40 ló fẹ́ wá bá dírẹ́bà níbi tó jókòó. Okùn méjì tó rọ̀ ò lè dá ìyẹn dúró láéláé, àfi kí àpò ti fara ti irin iwájú bọ́dì pátápátá látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má fi àlàfo kankan sílẹ̀, tó bá wà, ẹ ki táyà àlòkù tàbí plánkì sí i.

Ẹ to àpò bí bíríkìlà ṣe ń to búlọ́ọ̀kù, kí tòkè jókòó lé ojú ibi tí méjì ìsàlẹ̀ ti pàdé, kí ẹnu àpò kọjú sínú, torí tí ìránṣọ ẹ̀ bá tú lójú ọ̀nà kòkó ò ní dà sí títì. Àpò jútù tó máa ń ha èèyàn lára yẹn ló dáa jù, ó ń di ara ẹ̀ mú. Àpò ìrẹsì onírọ́bà ń yọ̀ bọ̀rọ́, èmi kì í tò ó ga rárá.

Okùn ńkọ́? Ìlà kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀. Àwọn kan máa ń fi okùn gígùn kan ṣoṣo yí gbogbo ẹrù po, ó yá lóòótọ́, àmọ́ tó bá dẹ̀ níbì kan ó ti dẹ̀ níbi gbogbo nìyẹn. Húùkù irin bọ́dì ni kẹ́ ẹ so ó mọ́, kì í ṣe bọ́ǹpà. Kí okùn sì sọ̀kalẹ̀ gàn-ùn gàn-ùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù, torí tó bá na pẹrẹsẹ, tí igun òun àti ilẹ̀ ọkọ̀ jẹ́ dígírì 30 péré, ìdajì agbára tẹ́ ẹ fi fà á ló ń tẹ ẹrù mọ́lẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ń lo bẹ́líìtì ráṣẹ́ẹ̀tì, ìyẹn bẹ́líìtì tó ní irin tí wọ́n fi ń fà á le, ẹ wo lébẹ́ẹ̀lì tó wà lára ẹ̀, ibẹ̀ ni wọ́n kọ ìwọ̀n tó lè gbà sí. Èyí tí lébẹ́ẹ̀lì ẹ̀ ti ya dànù tàbí tí etí ẹ̀ ti gé, ẹ má lò ó mọ́. Okùn náílọ́ọ̀nù tí oòrùn ti pa náà, tó ń ta fúlẹ́fúlẹ́ lọ́wọ́, kò yẹ lórí ẹrù èèyàn.

Tápólì ò so ẹrù o! Òjò ló wà fún, torí kòkó tó gbẹ débi pé omi inú ẹ̀ ò ju bí ìdá méje sí mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún, tí omi bá kàn án, á bu.

Tó bá jẹ́ tíréélà kékeré lẹ fà sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, ẹrù gbọ́dọ̀ wúwo síwájú díẹ̀ ju ẹ̀yìn lọ, kí nǹkan bíi ìdá 10 sí 15 nínú ọgọ́rùn-ún ìwọ̀n ẹ̀ tẹ orí húùkù tí píkọ́ọ̀pù fi ń fà á. Tẹ́ ẹ bá kó gbogbo ẹ̀ sẹ́yìn, tíréélà á máa jù síhìn-ín jù sọ́hùn-ún tẹ́ ẹ bá ti sáré, ó sì lè gbé píkọ́ọ̀pù fúnra ẹ̀ ṣubú. Koríko gbígbẹ tí wọ́n dì fún àgbò Iléyá, bákan náà ni, òun tiẹ̀ ń rẹlẹ̀ ju kòkó lọ, ẹ sì má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni mu sìgá nítòsí ẹ̀.

Ẹ dákun, ẹ má jẹ́ kí ọmọ ẹlòmíì jókòó sórí ẹrù torí owó ọkọ̀. Bí ẹrù bá yẹ̀, abẹ́ ẹ̀ ló máa wà.

Tẹ́ ẹ bá dé ibi tẹ́ ẹ ń lọ, ẹ má tú gbogbo okùn lẹ́ẹ̀kan náà. Àpò lè ti rọra fara ti ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lójú ọ̀nà, ẹ wá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ́ ẹ tó ṣí i, kí ẹnikẹ́ni má dúró lọ́ọ̀ọ́kán, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ máa tú okùn ìlà kan, kẹ́ ẹ já ìlà yẹn tán, kẹ́ ẹ tó kan èyí tó tẹ̀ lé e.